Igba Ojú, Ọwọ́ Kan

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pa á, àwọn tó jókòó á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Àmọ́ ẹ má ṣe pa á ní ìlú Òkè-Ọ̀wawà kí ẹ wá rò pé ẹ ti parí ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, ìyá arúgbó kan á ti gbà á lẹ́nu yín, á sì so ìrù mọ́ ọn pé: "Ọwọ́ kan ní í fún un lóògùn."

Àlejò tó bá gbọ́ ọ á yanu. Ọwọ́ kan kẹ̀? Ṣebí àwọn àgbà náà ló ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí? Bí igba ènìyàn bá lè wo ọmọ, kí ló dé tí ènìyàn méjì kò lè fún un lóògùn? Ẹlòmíì tilẹ̀ máa ń rò pé ahun ni wọ́n, tàbí pé wọn kò fọkàn tán ara wọn. Irọ́ ni. Àwọn ará Òkè-Ọ̀wawà fẹ́ràn ọmọ ju bó ti yẹ lọ, àfẹ́jù yẹn gan-an ló sì bí ìrù òwe náà. Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ẹni tínú bá bí kó má bínú sí ẹni tó sọ ọ́.

Agbo ilé Alápò ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀, tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mopélọ́lá ni orúkọ ìyàwó tí ọ̀rọ̀ kàn. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì wà ní ìlú mìíràn lásìkò náà, ó ń kan òrùlé ilé ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Adéyanjú, ọmọ oṣù mẹ́wàá, tí gbogbo ilé ń pè ní Yanjú.

Ìyá pọ̀ fún Yanjú jù. Bó bá sín, ẹni mẹ́ta ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Bó bá sunkún, ọwọ́ mẹ́fà ni yóò nà sí i kí ti ìyá tó bí i tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà lẹni àkọ́kọ́, ìyá ọkọ Mopélọ́lá, tó bí ọmọ mẹ́jọ, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ rọ gbogbo wọn lágbo títí wọ́n fi gbọ́njú. Ìyá Dúró ló tẹ̀ lé e, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ìyáálé tó bá nílé. Gìrì ló pa ọmọ kejì tí ìyẹn bí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Láti ọjọ́ náà, bí ara ọmọ ọlọ́mọ bá gbóná, àyà Ìyá Dúró á máa já. Ẹni kẹta ni Bímpé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀.

Mopélọ́lá fi ọdún méje ju Bímpé lọ, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe sí i? Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. "Ìbàdíàrán" ló ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń bá Ìyá Àgbà sọ ọ́. Ẹ fi "ẹ" yìí sọ́kàn o. Òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Yanjú jí, ara rẹ̀ ń gbóná. Mopélọ́lá pọ̀n ọ́n, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì Fágbohùn kì í ṣe ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lásán. Ó yẹ ọmọ náà wò, ó gbé e sórí ìwọ̀n, lẹ́yìn náà ló mú ìgò oògùn olómi kan wá, oògùn pupa tó ń ta sánsán, àti ṣíbí oníke kékeré kan tí ìlà wà lára rẹ̀.

"Ṣé o rí ìlà yìí? Ibẹ̀ ni kí oògùn dúró sí. Kó má ga jù ú lọ, kó má relẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, ó parí. Mo ń fún un ní ti àárọ̀ báyìí, o rí i. Ta ni yóò máa fún un nílé?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìwọ ni o. Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

Mopélọ́lá so ṣíbí náà mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ kó má baà sọnù, ó gbé ìgò lọ́wọ́, ó sì padà sílé.

Kò tíì sọ ọmọ kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé gàrí pé agbada ti kàn án. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti rin ti wà nínú àpò lábẹ́ òkúta, ó ti kan, omi rẹ̀ sì ti ro tán. Agbada méjì péré ló wà nílé gàrí, ogún obìnrin ló sì ń tò sí i. Ẹni tí agbada kàn tí kò bá yọjú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á sì ti bàjẹ́ kó tó dìgbà náà. Mopélọ́lá dúró, ó ń wo ọmọ, ó tún ń wo ọ̀nà.

"Kí lò ń wò?" ni Ìyá Àgbà wí. "Gbé e fún mi, kó o máa lọ. Àbí ìwọ nìkan lo ni ín ni?"

"Ìyá, oògùn rẹ̀ ni mò ń rò."

"Oògùn! Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lóògùn? Ọkọ tó o fẹ́ yẹn, ta ló fún òun lóògùn?"

Kí ni ìyàwó fẹ́ fi fèsì ìyẹn? Mopélọ́lá gbé ìgò náà sójú fèrèsé, ó dúró láàárín àgbàlá níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, Ìyá Àgbà lórí àpótí, Ìyá Dúró nídìí ọlọ, Bímpé lẹ́nu ọ̀nà tó ń tú irun orí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí oòrùn bá ti kàn tàrí, kí ẹ bá mi fún Yanjú lóògùn o."

"A ti gbọ́," ni wọ́n dáhùn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kékeré bó ti lè tóbi tó. Bí àgbà kan ṣoṣo bá jókòó, "ẹ" la ó pè é. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó, "ẹ" náà ni. Ìyá Àgbà gbọ́ "ẹ", ó mọ̀ pé òun ni, torí òun ni àgbà ilé, ọwọ́ òun sì ni wọ́n gbé ọmọ sí. Ìyá Dúró gbọ́ "ẹ", ó mọ̀ pé òun ni, torí òun ni ìyáálé, ta tún ni ìyàwó ìbá máa bẹ̀ níṣẹ́? Bímpé gbọ́ "ẹ", ó mọ̀ pé òun ni, torí òun nìkan ló lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìkankan nínú wọn kò bi ìkejì léèrè. Ta ló máa bi Ìyá Àgbà pé ṣé ó ti fún ọmọ lóògùn, bí ẹni ń bi ọmọdé bóyá ó ti fọ ẹnu? Mopélọ́lá tó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ni yóò máa fún un, òun ti wà lọ́nà ilé gàrí.

Ó ti yan gàrí dé ìdajì nígbà tó kíyè sí i pé nǹkan kan ń gbá a ní itan. Ó wo ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó rí ṣíbí.

"Yéè! Mo gbé ṣíbí ọmọ wá!"

Obìnrin tó wà nídìí agbada kejì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ṣé kò sí ṣíbí nílé yín ni?"

Ọ̀rọ̀ ìtùnú lobìnrin náà pè é, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò jẹ́ kí ara Mopélọ́lá lélẹ̀ mọ́. Ṣíbí wà nílé wọn. Ṣíbí pọ̀ nílé wọn. Ó yan èyí tó kù ní wàrà-wàrà, apá kan rẹ̀ jóná, ó kó o sínú igbá bẹ́ẹ̀ láì jọ̀ ọ́, ó sì forí lé ilé.

Orí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló bá Yanjú. Ọmọ náà ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn rẹ̀ rọ̀, kò sì gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Mopélọ́lá wo ojú fèrèsé. Ìgò tó kún dé ọrùn láàárọ̀ ti dé ìdajì.

"Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o," ló wí. "Ta ló fún un lóògùn?"

"Èmi ni," ni Ìyá Àgbà dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú. "Ó mu ún porogodo, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Ìyá Dúró gbórí sókè nídìí ọlọ. "Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá? Nígbà wo? Èmi ni mo fún un. Èmi ni ìyàwó bẹ̀."

"Haba!" ni Bímpé wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ta wá ni mo fún nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà lẹ́yìnkùlé? Ṣebí èmi ló bá sọ̀rọ̀."

Ẹ gbọ́, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ máa jà sí i! Wọ́n ń du oyè oògùn bí ẹni ń du ipò baálẹ̀, ọmọ sì wà láàárín wọn tí kò lè gbé ọrùn. Ìyá Dúró ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo Ìyá Àgbà, ó wo Bímpé, ó wo ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lórí ọmọ ọlọ.

"Kò sí nǹkan tó máa ṣe é," ni Ìyá Àgbà wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bímpé, gbé epo pupa wá kíá. Bó bá lá epo, á bì í dànù." Ó ti ń ká ọwọ́ rẹ̀ bí abọ́.

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́!"

Mopélọ́lá ló kígbe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ agbo ilé Alápò, ìyàwó kankan kò kígbe mọ́ Ìyá Àgbà rí. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fa ìgò yọ lójú fèrèsé, ó sì fi eré sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé pé ara ọmọ ni kò yá díẹ̀, kò tó nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Fágbohùn wo ọmọ, ó wo ìgò, ó sì bojú jẹ́. "Báwo ni oògùn tó mu ṣe pọ̀ tó? Ìgbà wo ló mu ún?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti tó ohun tí à ń bínú sí. Àwọn tó ń jà nílé pé èmi ni, èmi ni, ẹnu wọn ti wọlé. Ìyá Àgbà ní òun kàn fi tọ́ ọ lẹ́nu ni. Ìyá Dúró ní díẹ̀ ni tòun. Bímpé ní tòun ló kéré jù.

"Díẹ̀!" Nọ́ọ̀sì lu tábìlì. "Kí ló ń jẹ́ díẹ̀? Mélòó ni díẹ̀? Oògùn tí mo fún un yìí, bó bá pọ̀ jù lára ọmọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bá jà. Kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lónìí. Ó lè jí lọ́la kó máa ṣeré, kẹ́ ẹ máa jó, kí inú rẹ̀ sì máa bàjẹ́ lọ. Mo ní láti fi í ránṣẹ́ sí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi mí ni pé mélòó ló mu. Ṣé kí n kọ 'díẹ̀' síwèé ni?"

Mopélọ́lá ń wò wọ́n lẹ́nu. Ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ òun, kò sì sí èyí tí kò lè wọ iná nítorí rẹ̀ nínú wọn. Wọ́n lè wọ iná o, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fún un lójú ara wọn, ó ṣòro. Inú bí i débi pé omi jáde lójú rẹ̀. Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó gbé ṣíbí oníke sórí tábìlì.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀," ló wí. "Mo ní èmi ni màá fún un, mo sì fi í sílẹ̀ lọ. Mo tún gbé ṣíbí lọ. Mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín."

Yanjú bì lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì ju omi lásán lọ.

"Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀! Ìyá Dúró, ẹ sọ̀rọ̀! Adébímpé! Bímpé, o ò gbọ́ ni? Sọ̀rọ̀!"

Ara gbogbo wọn kú. Ìyàwó pe ọmọ ilé lórúkọ gbangba, ó tún fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ya ẹnu láti bínú, kò rí ìbínú náà mú jáde. Bímpé ti bú sẹ́kún.

"Ìdérí ìgò ni mo fi wọ̀n ọ́n. Èyí tí mo kọ́kọ́ fún un, ó tu díẹ̀ dànù, ni mo bá tún fún un ní òmíràn."

"Hẹn-ẹn!" Nọ́ọ̀sì bu omi sínú abọ́, ó gbé e síwájú wọn. "Ẹ máa bọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe fún un."

Bímpé bu omi kún ìdérí ìgò. Nọ́ọ̀sì rọ ọ́ sínú ṣíbí oníke, ó kún dé ìlà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ìlà méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fún un, ó di mẹ́rin. Ìyá Dúró ní ṣíbí ọbẹ̀ ni tòun, èyí tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì wá irú rẹ̀ fún un nínú àpò oúnjẹ ara rẹ̀, ìyẹn jẹ́ ìlà mẹ́ta.

"Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣíbí wo lẹ lò?"

Ìyá Àgbà na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ká a bí ìyá ṣe ń ká a bó bá fẹ́ rọ ọmọ. "Èyí ni ṣíbí mi," ló wí. "Òun ni mo fi rọ bàbá rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ń da omi sí i, ó ń retí kó ní ó tó. Ọwọ́ tó ti tọ́ ọmọ mẹ́jọ fẹ̀, ó sì jìn. Ìgbà tí omi fẹ́ kún un ni Ìyá Àgbà tó mi orí. Nọ́ọ̀sì gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

"Mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin," ni Nọ́ọ̀sì kà, ó ń kọ ọ́ síwèé. "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan tàárọ̀ sí i. Méjìlá. Oògùn ọjọ́ mẹ́rin lẹ fún ọmọ oṣù mẹ́wàá mu kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má rọ ọmọ kankan mọ́. Oògùn tàbí omi tí wọ́n bá rọ lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ. Bó bá sì tu oògùn dànù, ẹ bi wá kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíràn."

Ó sọ fún Bímpé kó sáré lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń dúró de mọ́tò ni Ìyá Dúró, tí kò tíì sọ ju gbólóhùn méjì lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, súnmọ́ tábìlì.

"Nọ́ọ̀sì," ló wí, "lọ́jọ́ tí gìrì gbé Àyọ̀ká, àwa mẹ́rin la fún un lóògùn. Oníkálùkù ń gbé tirẹ̀ wá. A ò bi ara wa."

Nọ́ọ̀sì Fágbohùn gbé ìwé tó ń kọ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ò sí níbẹ̀, Ìyá Dúró. N kò lè mọ̀." Ìyá Dúró mi orí, ó sì lọ jókòó sẹ́bàá ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mopélọ́lá fi wà nílé ìwòsàn ńlá. Dókítà gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pè fún oògùn tó ń pa agbára oògùn. Wọ́n fà á sí Yanjú lára, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀. Mopélọ́lá kò sùn, kò jẹun dáadáa, bí nọ́ọ̀sì kankan bá sì gbé nǹkan súnmọ́ ọmọ náà, á bèèrè pé kí ni, mélòó ni, ta ló ní kí wọ́n fún un. Ojú rẹ̀ sú wọn níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, dókítà ní ẹ̀dọ̀ ọmọ kò bàjẹ́.

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìwé yìí," ló wí. "Bí kò bá sí iye, à bá ṣì máa méfò."

Bí Mopélọ́lá ti ń bọ̀ wálé ni ẹ̀rù ìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó ti kígbe mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pe ọmọ ilé lórúkọ níta gbangba. Bó ti wọ àgbàlá, àpótí Ìyá Àgbà ló gbà lọ tààrà, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹnu mi ju ara rẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá Àgbà kò wo ojú rẹ̀. "Ṣíbí yẹn dà?"

Mopélọ́lá rò pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun. Ó tú u nínú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, níbi tó ti tún so ó mọ́ lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì lò ó tán, ó gbé e fún un. Ìyá Àgbà fa òwú dúdú kan yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, òwú tó ti lọ́ sílẹ̀ dè é, ó kì í bọ ihò tó wà ní ìdí ṣíbí náà, ó ta á ní kókó, ó sì gbé e kọ́ ọrùn ìyàwó rẹ̀.

"Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ lọ síbi kan, bọ́ ọ, kó o fi kọ́ ọrùn ẹnì kan ṣoṣo, kó o sì dárúkọ ẹni náà. Má tún dúró láàárín àgbàlá máa pe ẹ, ẹ, ẹ. Èwo ni 'ẹ' nínú wa?"

Bímpé ń bọ̀ láti ìdí ààrò. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í. "Ìyàwó," ló wí, "bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, máa pè mí ní Bímpé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, orúkọ mi ni Ìbàdíàrán o."

"Mo gbọ́, Ìbàdíàrán," ni Mopélọ́lá dáhùn, ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ó kù díẹ̀ kí òjò ọdún náà kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ara Yanjú tún gbóná. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wà lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà, ìgò oògùn sì wà nítòsí wọn lójú fèrèsé. Ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà kan tó wá láti àdúgbò kejì ń bá a ṣeré. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, Ìyá Àgbà wo ìgò náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn, ó sì ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan ara rẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ìyá Yanjú!" ló ké sí ẹ̀yìnkùlé. "Oòrùn ti kàn tàrí o! Gbé ọrùn rẹ wá!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ tó o bí mẹ́jọ? Ìgò rèé, ọmọ rèé, ìwọ náà rèé. O ò lè bu oògùn fún un kí ìyàwó tó dé? Ṣebí ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó?"

Ìyá Dúró tó wà nídìí ọlọ dáwọ́ dúró. Ìyá Àgbà gbójú sókè wo Ìyá Dúró, ó sì dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, kò sì yọ ọwọ́ lábẹ́ itan. "Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ọwọ́ kan ní í fún un lóògùn."